Ohun Tí Mo Sọ fún Obìnrin Aláṣọ-Ìnuwọ́

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo kí ojú rẹ, mo kí ẹsẹ̀ rẹ, mo sì dìídì kí ikùn rẹ, torí pé pẹ̀lú ohun tí mo fojú ara mi rí nígbà tí mo wá sọ́dọ̀ rẹ, ikùn yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo ara rẹ. Ohunkóhun tó o bá gbé mì, kó gba ibi tó yẹ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, kó má dúró bi ọ́ ní ìbéèrè kankan lọ́nà. Má rẹ́rìn-ín, àdúrà gidi ni. Ara wa le níbí. Bàbá rẹ kí ọ. Ẹ̀yìn ń dùn ún díẹ̀, àmọ́ ẹnu ò dùn ún rárá, ó ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀ títí di ìgbà tó bá sùn. Atẹ́gùn ká páànù kan lórí ilé ìdáná, ó gun àkàbà, ó fi òkúta mẹ́ta lé e, ó ní òun ti tún un ṣe. Tí mo bá ń dáná báyìí, òkè ni mò ń wò, n kì í wo ìkòkò.

Fóònù tó o rà fún mi ń ṣiṣẹ́, àmọ́ mi ò fọkàn tán an. Lójoojúmọ́ ló ń bi mí bóyá mo gbà kí òun mọ ibi tí mo wà. Mo tẹ rárá. Lọ́jọ́ kejì ó tún bi mí, bí ẹni pé a ò jọ sọ̀rọ̀ lánàá. Kí ló fẹ́ fi ibi tí mo wà ṣe? Ṣé ẹnì kan rán an ni? Mo ti wá ń fi í sílẹ̀ sínú agolo bọ́tìnnì tí mo bá ń jáde, màá dé agolo náà pa, kó máa rò pé bọ́tìnnì ni mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fọwọ́ kọ èyí, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, mi ò fẹ́ kó dé etí rẹ̀.

Mo tún bá obìnrin kan fa ọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Síkẹ́ẹ̀tì tí mo rán fún un tú lára rẹ̀ níbi tó ti ń gun bọ́ọ̀sì. Mo ní òun ló sanra sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn ti parí. Rárá, kò tíì parí, àmọ́ jẹ́ kí n gbé e síbẹ̀ ná.

Ọjọ́ Ìsinmi márùn-ún rèé tí o ò pè mí. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ti ń nu abọ́ ọ̀sán, ohùn rẹ ló máa ń wọlé. Báyìí mo nu abọ́, mo tún un nù, Bàbá rẹ ní tí n bá ń nù ún báyìí, òdòdó ara rẹ̀ á parẹ́. Mo mọ ohun tó fà á. O bi mí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn bóyá mo bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, mo ní rárá. Irọ́ ni. Mo bá ẹnì kan sọ̀rọ̀.

Àmọ́ kó o tó bínú, jẹ́ kí n sọ bí ọkàn mi ṣe rí, kó o fi bá mi dá ẹjọ́ náà. Mo parí ìwé girama, n kì í ṣe òpònú, àmọ́ iṣẹ́ rẹ ò yé mi. O ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ń sanwó fún ọ kó o máa lọ jẹun láwọn ilé oúnjẹ olówó ńlá, lónìí oúnjẹ àwọn ará Ítálì, lọ́la ti àwọn ará Japan, kó o wá kọ bó ṣe rí lẹ́nu. Ta ló máa fún èèyàn lówó kó máa jẹun? Èmi tí mo bí ọ, pàṣán ni mo fi bẹ̀ ọ́ kó o jẹun, mi ò san nǹkan kan. Mo tún wo ìwé ìròyìn náà dáadáa. Ẹni tó ń kọ nípa bọ́ọ̀lù, àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀, gbogbo eyín níta. Ẹni tó ń kọ nípa òjò àti oòrùn, àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwọ tó o rẹwà ju gbogbo wọn lọ, kò sí àwòrán, orúkọ tí wọ́n sì kọ síbẹ̀, èmi kọ́ ló sọ ọ́. Kí là ń fi pamọ́?

Mo gbé e lọ fún Àmọ̀tán, akólẹ́tà tó ti fẹ̀yìn tì yẹn, kó bá mi wò ó. O mọ̀ pé kò sí ohun tí kò mọ̀, pàápàá èyí tí kò rí rí. Ó kà á tán, ó ká a, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní Ìyá Télọ̀, ẹ jókòó. Ó ní láyé àtijọ́, gbogbo ọba àti olówó ló ní ẹni tó máa ń kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ wọn wò, pé tí onítọ̀hún ò bá kú, wọ́n á wá jẹun. Ó ní ṣé mo rò pé àwọn olówó ayé ìsinsìnyí gọ̀ ju ti àtijọ́ lọ ni? Ó ní kí n fọkàn balẹ̀ ṣá, pé àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, owó oṣù wọn máa ń dáa. Bàbá rẹ ní Àmọ̀tán tún ti dé, ó yí ojú sí ògiri, ó sùn. Èmi ò sùn.

Ohun tó gbé mi wá sọ́dọ̀ rẹ nìyẹn, kì í ṣe òwú tí mo ní mo fẹ́ rà. Ìwọ wá ní kí n bá ọ lọ síbi iṣẹ́, kí n fi gbádùn ara mi. Kí la fi bẹ̀rẹ̀? O dé wíìgì pupa lé irun tí mo fọwọ́ ara mi dì fún ọ. O fi awò sójú, ojú tí kò dùn ọ́. O ní orúkọ mìíràn lo fi gba àyè sílẹ̀, kí n má dárúkọ rẹ, kí n má sì pè ọ́ lọ́mọ mi sókè. Èmi tí mo gbé ọ fún oṣù mẹ́wàá, torí pé o pẹ́ kó o tó jáde. Mo ní ó dáa. Ọkàn mi ní kò dáa.

A débẹ̀. Ọ̀sán gangan, oòrùn ń jó títì, wọ́n fa kọ́tìnnì, wọ́n tan àbẹ́là. Mo bi ara mi pé ta ni wọn ò fẹ́ kó rí oúnjẹ? Aṣọ tábìlì ni mo kọ́kọ́ wò, torí òun nìkan ló yé mi níbẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣẹ́ etí rẹ̀, iṣẹ́ gidi, mo gbé e sókè wo abẹ́, abẹ́ náà mọ́. Ìyẹn tún já mi láyà. Ẹni tó bá lo agbára tó báyìí lórí aṣọ tábìlì, kí ni kò fẹ́ kí n wò lórí tábìlì? Wọn ò gbé ìwé oúnjẹ wá. Àmì dúdú àti funfun kékeré kan ló wà níbẹ̀, bí aṣọ tí kòkòrò jẹ. O na fóònù rẹ sí i, fóònù sì ń ka oúnjẹ jáde. Mo rọra ti tèmi wọ ìsàlẹ̀ báàgì, kí àwọn méjèèjì má baà mọra wọn.

Abọ́ tí wọ́n gbé wá fẹ̀ tó akẹtẹ̀ àgbẹ̀, oúnjẹ àárín rẹ̀ ò ju bọ́tìnnì kóòtù lọ, ìhó funfun sì wà lórí rẹ̀ bí ẹni pé wọn ò ṣan ọṣẹ kúrò. Agbáwo náà fi ọwọ́ kan sẹ́yìn, ó ń sọ ìtàn oúnjẹ náà fún wa, ibi tó ti wá àti ẹni tó tọ́ ọ dàgbà. Oúnjẹ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ṣé ó nílò ẹlẹ́rìí? Ó tún da ohun mímu pupa díẹ̀ báyìí sínú ife tìrẹ nìkan, ó dúró, ó ń wo ẹnu rẹ. O tọ́ ọ wò. Ó ń wò ọ́. Mo ń wò ọ́. Nígbà tó rí i pé o ṣì wà láàyè, ó wá da tèmi. Àkọ́bí mi, ṣé kí n ṣe bí ẹni tí kò rí i ni? Gbogbo ohun tí Àmọ̀tán sọ ló ń ṣẹ lójú mi. Oúnjẹ márùn-ún lo pè fún èèyàn méjì. O gé díẹ̀ níbí, o gé díẹ̀ lọ́hùn-ún, o gbé e sẹ́nu, o wòkè, o kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan lábẹ́ tábìlì, o ti ìyókù sẹ́yìn. Mo ní ó ti tán, ọmọ mi ń kọ bó ṣe ń ṣe é sílẹ̀ kó tó mú un. Mo dìde, mo ní mò ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa na aṣọ ìnuwọ́ sí èèyàn. Ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tó bímọ rí. Ó ní Mọ́mì, ṣé kò sí o? Ohun tí mo ti ń dì mọ́nú bá tú. Mo ní ọmọ mi ló wà níta yẹn, èyí tó dé wíìgì pupa, orúkọ tó fún yín kì í ṣe orúkọ rẹ̀, mo sì sọ èyí tó jẹ́ gan-an fún un. Mo ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló rán an wá kó wá tọ́ oúnjẹ yín wò. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ alásè, kó má fi nǹkan kan sí i, òun ló kọ́kọ́ pè mí ní ìyá. Mo tiẹ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kẹ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n nu ọwọ́ mi, ó sáré jáde. Aṣọ ìnuwọ́ náà bá mi délé. Ẹ̀ṣẹ̀ kejì nìyẹn.

O mọ ìyókù. Agbáwo kan di mẹ́rin. Wọ́n kó abọ́ àkọ́kọ́ kúrò níwájú wa, wọ́n gbé òmíràn wá, oúnjẹ inú rẹ̀ ti dàgbà. Ẹja tó tutù tẹ́lẹ̀ ti ń rú èéfín. Èyí tí a ò bèèrè ń tẹ̀ lé èyí tí a bèèrè. Ọ̀gá alásè fúnra rẹ̀ jáde wá, fìlà funfun gíga lórí, ó tẹrí ba, ó pe orúkọ rẹ gan-an, ó ní inú àwọn dùn pé ẹ mú ìyá yín wá. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo jẹ tèmi tán. Ìwọ ò jẹ mọ́. O pa ìwé kékeré yẹn dé, o bọ́ awò ojú, o gbé e sórí tábìlì. Nínú ọkọ̀ lo ti wá sọ ọ́, bí ẹni ń bá fèrèsé sọ̀rọ̀, pé ibi tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́, o ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, pé wọ́n á ti fi fọ́tò rẹ ránṣẹ́ sáwọn ilé oúnjẹ yòókù, pé o ò mọ ohun tó o máa sọ fún ọ̀gá rẹ. Nínú ọkàn mi, mo ní àwọn náà ló jẹ̀bi. Tí ọwọ́ wọn bá mọ́, kí ni wọ́n ń sáré sí?

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń rò ó títí tí obìnrin síkẹ́ẹ̀tì fi dé. Mo purọ́ lókè lọ́hùn-ún. Kò sanra rárá. Ó tẹ́ síkẹ́ẹ̀tì náà sórí maṣíìnì mi, ó yí inú rẹ̀ síta. Aṣọ ìyàwó ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́ tán ni. Ó yí ti ìyẹn náà síta. Tirẹ̀, ìlà òwú kan ṣoṣo. Ti ìyàwó ọ̀gá, ìlà méjì, mo tún fọwọ́ ká etí rẹ̀. Iye kan náà ni mo gbà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Kò pariwo, ì bá sàn kó pariwo. Ó ní Ìyá Télọ̀, ẹ ò mọ̀ mí ni. Ó ní ká ní ẹ mọ̀ mí, ẹ̀ bá ti rán an lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ mi, ẹsẹ̀ mi wà lórí maṣíìnì, mi ò lè tẹ̀ ẹ́. Abọ́ àkọ́kọ́ àti abọ́ kejì ló ń wá sí mi lójú. Abọ́ àkọ́kọ́, ti ẹni tí wọn ò mọ̀ ni. Wíìgì yẹn, awò yẹn, orúkọ yẹn, o ń kó wọn wọ̀ kó o lè jẹ oúnjẹ ẹni tí kò lẹ́nì kan, kó o sì bá a sọ ọ́ síta. Ká ní irú rẹ ti yà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ojú ì bá ti tì mí láti ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn tí mo ti ń ránṣọ. Mo sọ fún Àmọ̀tán, ó ní ohun tí òun ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Mi ò sọ pé mo ti wá fọkàn tán ilé oúnjẹ náà o. Ìhó yẹn, ọṣẹ ni.

Mo tún síkẹ́ẹ̀tì náà rán, ìlà méjì, lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rán aṣọ iṣẹ́ tó wà nínú páálí yìí fún ọ. Aláwọ̀ eérú ni, kò ní àrà kankan, mo yọ gbogbo ohun tó lè mú kí ojú èèyàn dúró lórí rẹ̀. Bàbá rẹ wò ó, ó ní kí lèyí, ó ní òun ti gbàgbé rẹ̀ kí òun tó wò ó tán. Ó wú mi lórí. Àmọ́ yí inú rẹ̀ síta kó o wò ó, ìlà méjì ni níbi gbogbo. Aṣọ ìnuwọ́ wọn náà wà níbẹ̀, mo ti fọ̀ ọ́, bá mi wá ẹni tí wọn ò mọ̀ kó dá a padà.

Tí wọ́n bá ti dá ọ dúró níṣẹ́ nítorí mi, sọ fún mi, kó o sì fo ibi tí mo ti fẹ́ bèèrè owó yìí. Tí wọn ò bá tíì dá ọ dúró, páànù ilé ìdáná ń fẹ́ ìṣó, òkúta Bàbá rẹ kì í ṣe ìṣó, bẹ́líìtì maṣíìnì mi sì ti já, okùn ni mo fi so ó. Fi owó ọkọ̀ lé e, torí mo fẹ́ wá. Tí o bá ṣì lè fojú rí mi, mú mi lọ síbì kan tí wọn ò tíì mọ̀ ọ́. Mi ò ní lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Fún mi lórúkọ tó bá wù ọ́, màá jẹ́ ẹ. Tí wọ́n bá bi mí, màá ní mi ò bí ọ, pé ẹnu ọ̀nà la ti pàdé. Màá bá ọ jẹ abọ́ àkọ́kọ́.

Kí ahọ́n rẹ má tàn ọ́ jẹ láé. Kí àwọn tí kò mọ̀ ọ́ ṣe ọ́ dáadáa bí ẹni pé wọ́n mọ̀ ọ́. Kí ibi tí mo bà jẹ́ fún ọ tún ara rẹ̀ ṣe. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, tí mo bá ti ń nu abọ́, màá yọ fóònù kúrò nínú agolo bọ́tìnnì, màá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tó bá tún bi mí bóyá kí òun mọ ibi tí mo wà, màá tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bóyá á lè sọ fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ, títí dìgbà tó o bá fún mi lórúkọ mìíràn.