Eyín Ológbò Ìyá Rẹ

Ràzíátù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Wá ibi jókòó kí o tó ka ìwé yìí, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gùn. Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí Kumasi rẹ̀ ọ́, kí àwọn ajá tí ẹ̀ ń fọ eyín fún nílé ìwòsàn ẹran yín ní Ayigya má bù ọ́ jẹ, àmín. Bí itọ́ wọn bá kàn ọ́ lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀meje ni kí o fọ̀ ọ́, kí o fi iyẹ̀pẹ̀ fọ ọ̀kan nínú rẹ̀, má jẹ́ kí dókítà sọ fún ọ pé ọṣẹ ti tó. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí, kòkó ń yọ òdòdó, Efua ará ilé kejì ní kí n kí ọ.

Ológbò tí ìyá rẹ kú fi sílẹ̀ nìkan ni ara rẹ̀ ò yá. Ọjọ́ karùn-ún rèé tí kò fẹnu kan ẹja, ẹnu rẹ̀ ń rùn, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. A dúpẹ́ fún fọ́ọ̀mù dókítà ẹran tí o fi rán Kojo awakọ̀ trotro. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti ọṣẹ ìfọyín tó bá a wá, mo rò pé èmi lo rà á fún, mo sì pa pákò mi tì, mo ń lò ó. Ó ń ta sánsán bí adìẹ, gbogbo àárọ̀ ni ebi fi ń pa mí. Mo rí àwòrán ológbò lára rẹ̀, àmì ọjà ni mo pè é, àfìgbà tí Tíṣà Yàkúbù kà á fún mi. Bi dókítà bóyá yóò ṣe mí ní nǹkan. Títí di òní n ò tíì lé eku.

Yàkúbù náà ló ka fọ́ọ̀mù, torí èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n béèrè orúkọ aláìsàn àti orúkọ ìdílé rẹ̀. Mo ní kó kọ Ológbò Jímọ̀h. Nígbà tó yá ni mo ronú pé bí mo bá kú ńkọ́, tí ológbò mú ìwé yẹn jáde lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín oko mi? Mo ní kó pa Jímọ̀h rẹ́. Wọ́n ní kí ológbò má jẹun láti alẹ́. Ìyẹn yé mi, ààwẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọn ò kọ àsìkò tí yóò ṣínu. Wọ́n tún béèrè bóyá mo gbà kí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn kí wọ́n tó yọ eyín rẹ̀. Ológbò tó ń sùn lórí àga mi láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, kí ló fẹ́ fi abẹ́rẹ́ oorun ṣe? Efua rẹ́rìn-ín títí, ó ní asɛm bɛn ni, irú ọ̀rọ̀ wo nìyí. Bí ẹ bá ní irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ gún, torí láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, n kì í sùn mọ́.

Ibi tó wá dà mí lórí rú jù ni ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ní kí ẹni tó ni ológbò fọwọ́ sí i, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ dókítà ò ní fọwọ́ kàn án. Mo ní kí Yàkúbù kọ Àìṣátù, orúkọ ìyá rẹ. Ó wò mí, ó ní òkú kì í fọwọ́ síwèé. Ṣé kí n wá purọ́ fún dókítà ni? Èmi kọ́ ni mo ni ín. Ìyá rẹ ló gbé e wálé, òun ló ń bọ́ ọ, èmi a máa lé e. Ní báyìí, èmi àti ẹ̀ la jọ ń jẹun. Bí òun náà bá lọ, Ràzíátù, n ò mọ ẹni tí n óò máa bá sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí.

Mo fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Ìwọ ọmọ rẹ̀, bá a fọwọ́ sí i.

Fi owó ọkọ̀ rán Kojo, tèmi àti ti ológbò. Ó ní bí ológbò bá fi lè ké lójú ọ̀nà, owó odidi èèyàn lòun óò gbà. A ń bọ̀ ní Àlàmísì. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ọ, kó fún ọ lọ́kọ rere, kó má jẹ̀ẹ́ kí o sunkún ọmọ.

Sọ fún dókítà kó rọra ṣe é. Ológbò ò tíì mọ̀ pé ìyá rẹ ti kú. Ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tó ń wo ọ̀nà ọjà, èmi náà a sì jókòó tì í.

Èmi bàbá rẹ,
Jímọ̀h