Kọ̀ǹpútà Ìdí-Àràbà, Bá Wa Wá Eyínfúnjowó

Ìbòkun,
Oṣù Kejì, 1994.

Fúnlọ́lá ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlàkàkà Èkó, mo kí onílé rẹ ní Ìpọ̀nrí. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí ni yóò máa ṣọ́ ọ lọ́hùn-ún. Tí o bá bèèrè wa, a wà, àfi ewúrẹ́ Mabel ìyàwó kékeré ilé wa, tó jẹ ìdajì lẹ́tà rẹ kí n tó gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ìdajì tó kù yé wa dáadáa. O ní ní ilé ìkàwé àwọn dókítà tí o ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìdí-Àràbà, ẹ fẹ́ kó gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ kárí ayé lórí iṣẹ́ abẹ ojú jọ, kí ẹ lè mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. O ní ìwé lẹ máa ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lẹ ń rán báyìí: ẹ ó kọ gbogbo orúkọ tí àìsàn ojú ń jẹ́ fún un, á sì wá ìwé jáde, títí dé ti àwọn dókítà Jámánì, kí ẹ tó mu tíì tán. Mo ní háà, nǹkan tó lọ sí Jámánì tó sì bọ̀ kí tíì tó tutù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa jẹ́ kó sinmi.

Ojú bàbá rẹ ti funfun. Dókítà Iléṣà fẹ́ là á lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, ó ní tí a bá fi falẹ̀, ojú náà á kú pátápátá. Bàbá rẹ ní àwọn kò ní dùbúlẹ̀ fún ọ̀bẹ àyàfi tí àbúrò àwọn bá jókòó tì àwọn. Èyí tó lọ ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ìjọra kí a tó bí ọ ni, tí àwọn méjèèjì jà lórí oko kókó, tí bàbá rẹ sì búra pé orúkọ rẹ̀ kò ní jáde lẹ́nu àwọn mọ́. Agídí ni, ìwọ náà mọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sunkún, wọ́n ní kí n lọ dáná. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó rí dókítà ní Jámánì kò lè ṣàìrí èèyàn ní Ìjọra.

O ní tí orúkọ kan bá yọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà lè kọjá lára ohun tí ẹ ń wá. Mo gbọ́. Ìyàwó ilé ni mí, n kì í pe ọmọ ọkọ tí mo bá nílé lórúkọ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí àwa ìyàwó ń pè é nìyí. Èmi ń pè é ní Eyínfúnjowó. Ìyálé mi ń pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, kọ ìyẹn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ti sanra. Àwọn kan ń pè é ní Gbajúmọ̀, má kọ ìyẹn o, kọ̀ǹpútà á kó gbogbo gbajúmọ̀ Èkó dé, iṣu wa kò sì tó. Má sì kọ Ọkọ Mi rárá, nítorí ojú ayé. Ẹni tí kò bá mọ Ìbòkun, kí kọ̀ǹpútà fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ti kú, kó má gbé e wá.

Bàbá rẹ gbọ́ pé mo ń kọ̀wé, wọ́n rọra ní tí nǹkan yẹn bá rí i, kó sọ fún un pé àwọn ti fi oko náà sílẹ̀ fún un. Wọ́n wá yíjú sí ògiri. Àánú wọn ṣe mí gan-an.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ rán Gbádé tó ń wa mọ́tò wá sílé, ti dókítà, àti ti adìẹ tí a ó fi ṣe àlejò. Ọlọ́run á fi ọkọ rere pàdé rẹ, ibi tí o bá ti ń wá ire, ire á ti máa wá ọ bọ̀.

Èmi ìyá rẹ ni.

Mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa, mo tún ṣí i. Bàbá rẹ ti sùn lórí àga, ìyá ọkọ mi ti kú, kò sí ẹni tó máa bá mi wí. Fúnlọ́lá, Adéríbigbé ni orúkọ rẹ̀. Kọ ọ́ kíákíá, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́.