Wáyà Abẹ́ Ẹní Bàbá

Àbúrò mi, ọmọ a-fọwọ́-kan-iná-má-gbọ̀n, ka èyí tán kó o tó bọ́ bàtà.

Àárọ̀ yìí ni mo rí i pé o ká wáyà ẹ̀rọ tí Bàbá fi ń mí sábẹ́ ẹní rẹ̀, kí àlejò má baà kọsẹ̀. Ó ti gbóná. Mo bá ṣe ìṣirò tí Bàbá kọ́ wa nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ iná. Igba ó lé ogún fóòtì iná ló ń jáde lára ògiri, igba péré ló ń dé ìdí ẹ̀rọ. Ogún ń ṣòfò sínú wáyà. Ámúpù méjì ni ẹ̀rọ ń fà. Fi méjì pín ogún, ìdíwọ́ wáyà yẹn jẹ́ óòmù mẹ́wàá. Fi méjì sọ ogún di púpọ̀, ogójì wáàtì ló ń di ooru. Gílóòbù lo tàn sábẹ́ ẹsẹ̀ bàbá wa.

Kò sí wáyà mìíràn, ẹ̀rọ ò sì gbọdọ̀ kú. Mo ti fà á jáde nígbà tí Bàbá sùn, mo tú u sílẹ̀ gbalaja. Bàbá ò lè kúrò nídìí ẹ̀rọ, ìwọ náà ò gbọdọ̀ kúrò nídìí Bàbá títí n ó fi ra èyí tó nípọn dé. Mo mọ̀ pé ilé yìí ti sú ọ. Ó sú èmi náà. Olúwa yóò tú wa sílẹ̀.

Má sọ fún un o. Láti ìjẹta ló ti ń dúpẹ́ pé, “Ẹ̀jẹ̀ ti padà sí ẹsẹ̀ mi.” Mo sì ń ṣe àmín. Bu omi gbígbóná sínú ìgò, fi aṣọ wé e dáadáa, kó o gbé e sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó jí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.