Òdòdó Tí Ṣadé Fi Sí Ìkáwọ́ Mi

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Ewé òdòdó Ṣadé ti pọ́n bí èyí tí iná jó. Èmi ni mo ṣe é.

Erékùṣù kan ṣoṣo ni òdòdó yìí ń hù sí ní gbogbo ayé, kò sì pọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ṣadé, ọmọ mi tó ń ṣèwádìí ewéko, ló gbé e sí àgbàlá mi ní Ìkòsì kó tó rìnrìn àjò. Ó ní, "Daddy, omi nìkan o."

Omi nìkan kẹ̀? Èmi tí ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, tí mo fi ẹ̀fọ́ tí mò ń gbìn létí odò kọ́lé alájà! Mo bu ìgbẹ́ adìẹ tútù sí i nídìí, bí mo ti máa ń ṣe fún tẹ̀tẹ̀. Àṣé ó gbóná jù fún un.

Ó pè lọ́sàn-án. "Daddy, ṣé ó ti tanná?"

"Ó ń gbádùn."

Irọ́ yẹn kò jẹ́ kí n lè jẹun. Mo pè é padà, mo jẹ́wọ́. 

"Daddy, ẹ fọwọ́ kó ìgbẹ́ náà kúrò. Ẹ rọra o, gbòǹgbò rẹ̀ kò lágbára."

Mo kúnlẹ̀, mo ń kó o, ọmọ tí mo bí ń darí mi lórí fóònù.

Ìrudi kan ṣoṣo ni kò tíì rọ. Mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí.