Àpótí Ẹ̀fọ́ Ojú Fèrèsé Ìyá Rẹ

Olóhùn Iyọ̀ mi,

Mo kí ọ títí ọwọ́ fi ro mí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé oúnjẹ ń wọlé, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé kì í fi ariwo ba oorun rẹ jẹ́? Ọlọ́run tó mú ọ jáde nílé yìí pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo kò ní fi ọ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ìlú ńlá kò ní gbé ọ mì. Ẹnu tí o fi ń wá oúnjẹ kò ní kan. Bí o kò bá tíì ṣe àmín, padà sókè lọ ṣe é kí o tó máa kà á lọ, nítorí àdúrà tí a kò ṣe àmín sí dà bí omi tí a rọ sínú apẹ̀rẹ̀.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ. Fóònù tí o rà fún mi ti ya aláriwo. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣèèṣì tẹ ibì kan lára rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́, àwọn ewúrẹ́ pàápàá á dúró gbọ́ tiwọn. Ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe èyí tó yẹ kí ìyá rẹ gbọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ìdí nìyẹn tí mo fi dojú garawa dé lẹ́yìn ilé, tí mo jókòó lé e, tí mo ń fi bírò tó ń ṣomi bí imú ọmọdé kọ̀wé sí ọ.

Ìyá rẹ ti kúrò ní ọsibítù. Dókítà pè mí sí yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí n jókòó, ó ní ọ̀rọ̀ oògùn ti parí, kí n máa mú màmá lọ sílé, kí wọ́n máa jẹ ohunkóhun tó bá ṣáà ti wù wọ́n, kí ọkàn wọn balẹ̀. Inú mi dùn, mo fò sókè tó bẹ́ẹ̀ tí fáànù fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi lórí. Nínú gbogbo wọ́ọ̀dù yẹn, kò sí ẹlòmíràn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún kò gbọdọ̀ fẹnu kan iyọ̀, ẹni tó wà lápá òsì kò gbọdọ̀ rí ṣúgà sójú, tiwa nìkan ni wọ́n ní kó máa jẹ gbogbo ẹ̀. Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́, ọmọ kékeré tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọ̀nà jáde lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e pọ̀n. Ó kàn ń wo bàtà rẹ̀ ni. Mo bá a wò ó, mo rò pé nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

A délé, mo bi ìyá rẹ pé kí ló wù ú jẹ, kó dárúkọ ohun tó bá fẹ́, ìbáà jẹ́ ẹ̀dọ̀ erin. Ó ní ẹ̀fọ́ ni, èyí tí òun fi ọwọ́ ara òun gbìn. Bẹ́ẹ̀ oko ẹ̀yìn ilé tó máa ń lọ bí ẹni ń lọ gbé ìgbálẹ̀, ó ti wá jìnnà sí i ju òkè òkun lọ. Ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ni méjì kó tó dìde.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí fídíò tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, ti ọkùnrin tó ń gbin ẹ̀fọ́ sínú àpótí pákó bí ẹni tí ilẹ̀ ṣẹ̀. Mo gbé fóònù dúró, mo kí i. Kò dáhùn. Mo tún kí i, ó ń rẹ́ pákó lọ. Mo ní kò burú, ẹni tí ayùn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í wo ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní ká lu ihò sí ìdí àpótí kí omi lè máa jò jáde, ká tẹ́ páálí sí i, ká da ewé gbígbẹ lé e, ká wá po ilẹ̀ dúdú mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ. Nígbà tó parí, ó bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ tẹ agogo kan nísàlẹ̀ fún òun. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé mo lè kọ agogo fún un ni? Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ká tó tún fojú kanra. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, mo gbálẹ̀ iwájú ilé, mo gbé àga síta, mo retí rẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Kò yọjú. Inú fóònù ló tún gbà wá, tòun ti ilé adìyẹ tó ń kọ́. Bá mi sọ fún un, bí o bá pàdé rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, pé ìyẹn kò dáa.

Mo gba ọ̀dọ̀ káfíńtà lọ. Mo ní kó kan àpótí kan fún mi. Ó bi mí bó ṣe máa gùn tó, mo ní kó gùn tó bẹ́ẹ̀dì ìyàwó mi. Ó bi mí bó ṣe máa fẹ̀ tó, mo ní kó má fẹ̀ ju ibi tí apá rẹ̀ nà dé lọ. Mo ní kó yára, nítorí ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tó wù ú, ó sì ti ń retí ẹ̀. Káfíńtà ṣí fìlà, ó ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Mo ní kò sí wàhálà. Ó bi mí bóyá iwájú ilé la máa gbé e sí tàbí ẹ̀yìn, mo ní ojú fèrèsé ni, kí ìyàwó mi lè máa rí i láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ mi, ẹnu ọkùnrin yẹn là débi tí ẹyẹ lè kọ́ ilé sí i.

Nígbà tó gbé e dé, pákó yẹn dán tó bẹ́ẹ̀ tí eṣinṣin bà lé e tó yọ̀ ṣubú. Ó fi irin ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó kan ìdérí sí i. Mo figbe ta. Mo ní ìdérí kẹ̀, ṣé ẹ̀fọ́ máa ń sùn ni? Mo ní irin ìdìmú ńkọ́, ta ló fẹ́ máa gbé oko kiri? Mo ní ẹsẹ̀ tó máa gbé e dé ojú fèrèsé dà? Ó ní ẹ̀fọ́ wo? Mo ní ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, àbí kí lo rò tẹ́lẹ̀? Ló bá jókòó sórí iyanrìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ ti ń wò wá látọ̀ọ́kán. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á, ó ní, káfíńtà, dìde jàre, o kàn tètè dé ni. Mo ní tètè dé báwo, ọkùnrin tó ń ní kí n padà wá lọ́la lójoojúmọ́! Ó tún rẹ́rìn-ín. Káfíńtà kan ẹsẹ̀ tó ga sí i, kò sì gba kọ́bọ̀ lórí ìyẹn. Nígbà tó fẹ́ gbé ìdérí rẹ̀ lọ, ìyá rẹ ní rárá, kó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, pákó kì í ṣòfò. Mo rò pé igi ìdáná ló ń wá.

Mo kó ilẹ̀ kún inú àpótí náà bí ọkùnrin inú fóònù ṣe sọ, ẹ̀yìn mi ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Mo ti ra irúgbìn tòmátì àti ata. Ìyá rẹ ní tẹ̀tẹ̀ nìkan ni ká fọ́n, torí tẹ̀tẹ̀ máa ń yá. Mo ní kí ló ń lé wa, tòmátì bá tiẹ̀ pẹ́, ṣebí a ó jọ máa wò ó ni. Ó ní kí n fi tòmátì pamọ́ fún ara mi. Ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, mo di ìgúnpá rẹ̀ mú, ó sì fọ́n irúgbìn náà lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Nígbà tó hù, ó ki bí irun orí ọmọ tuntun. Látàárọ̀ ló ti máa ń bá a sọ̀rọ̀. Tata kan wá ba ewé jẹ́, èébú tí ìyá rẹ bú tata yẹn, bó bá gbọ́ èdè, á kó kúrò ní àdúgbò.

Ó ní dandan, ká pè ọ́ kí o gbọ́ pé ẹ̀fọ́ ti hù. Fóònù rẹ kò wọlé. Ìwọ tí wọ́n ń sanwó fún kí o máa gbé fóònù àwọn tí o kò mọ̀ rí! Ni mo bá wo káàdì ilé-iṣẹ́ yín tí o fi sílẹ̀, mo pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Obìnrin kan gbé e, ó kí wa dáadáa, ó ní ìpè wa ṣe pàtàkì sí wọn gan-an, ká jọ̀ọ́ ní sùúrù. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n kọrin fún wa. Ìyá rẹ ní kí n gbé fóònù sórí pákó àpótí, ó ń mi orí sí i, ó bi mí pé ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n kọ ọ́ fún àwa ni? Mo ní ta tún ni? Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ la ń pè, à ń gbọ́ orin, títí owó orí fóònù á fi tán. Kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn rí. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí obìnrin náà bá sọ pé ìpè wa ṣe pàtàkì, ìyá rẹ á ní, o ṣeun, ọmọ mi. Ó ní kí n má yọ ọ́ lẹ́nu, pé ẹni tó ń bá irú àwọn ọmọlúàbí bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ kò lè ráyè.

Tẹ̀tẹ̀ tó jẹ. Mo mú ọ̀bẹ, ó ní kí n gbé e padà, ti Olóhùn Iyọ̀ ni, ọwọ́ rẹ ló máa kọ́kọ́ já a. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó, ó ń rẹ́ ẹ lórí lójoojúmọ́ kó má bàa gbó. Ní báyìí, ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Èmi ni mò ń dìde rẹ́ ẹ kó tó jí.

Ó wá ku ohun tí mo tìtorí rẹ̀ sá wá sẹ́yìn ilé. O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ, bí mo bá sún mọ́ ìkòkò, á bi mí bóyá ilé ni mo fẹ́ jó. Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní lọ́jọ́ iwájú, bí mo bá fẹ́ gé tẹ̀tẹ̀, kí n má fà á tu, kí n gé e lókè oríkèé, á tún rú. Ó ní omi tí mo máa fi bọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ pọ̀. Ó mú àtẹ́lẹwọ́ mi, ó fi ìka yí àárín rẹ̀ po, ó ní iyọ̀ kò gbọdọ̀ ju ibí yìí lọ. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ bí ọmọ iléèwé. Ẹ̀fẹ̀ kan ti wà lórí ahọ́n mi, mo wo ojú rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ náà kọ̀, kò jáde.

Olóhùn Iyọ̀, ibẹ̀ ni mo ti wá gbọ́ ohun tí dókítà sọ.

N kò bi í. Òun náà kò sọ fún mi. À ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ lọ bó ṣe wà.

Mo mọ̀ pé o ti ń wo ìsàlẹ̀ ìwé yìí, pé níbo ni bàbá yìí máa ti tọrọ owó. Ó ti dé. Owó tó o bá fẹ́ fi ránṣẹ́, má fi ránṣẹ́. Fún dírẹ́bà tó máa gbé ọ bọ̀ wálé. O ní ìparí ọdún lo máa tó gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, mo gbọ́, ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ kò mọ ìparí ọdún. Bí o bá dé, má gba ẹnu ọ̀nà wọlé, má sì sunkún níta. Gba ẹ̀gbẹ́ ilé, dúró sí òdìkejì àpótí, kí o máa já ẹ̀fọ́. Má kí i. Jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ ṣíjú rí ọwọ́ rẹ láàárín ewé.

Ọ̀nà á là fún ọ. Mọ́tò tí o máa wọ̀ kò ní bàjẹ́. Ọ̀gá rẹ á ṣe bí ẹni tó ní ìyá. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o bá a.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.