Ìṣirò Tó Kọjá Ìmọ̀ Mi

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àtàtà,

Ẹ kú àjò o. Gbogbo ilé ń kí yín. Ẹ̀yìn tó ń dun àbúrò yín ti fúyẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun. Àbúrò yín ní ilé ni kí n ti máa kọ́ àwọn ọmọ, kí ayé má bàa bà wọ́n jẹ́. Ṣùgbọ́n ìṣirò àkọ́bí wa ti kọjá ìmọ̀ mi. Bí mo bá ráhùn, àbúrò yín á ní, "Ìgbàgbọ́ rẹ ló kéré."

Lánàá, ọmọ náà rí i pé mò ń làágùn lórí ìwé. Ó rọra pa á dé, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ìparí." Mo ṣe àmín, ojú ń tì mí.

Tiyín nìkan ni àbúrò yín ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà lọ sílé ìwé. Ẹ má dárúkọ mi o.

Olúwa á ṣọ́ yín.

Ìyàwó yín