Ìrìn Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Olówógbowó,
Ìsàlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta, 2026.

Kọ́lá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ará oko,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Kẹ́mi ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Ayọ̀mídé ọmọ yín ńkọ́, ṣé ó ti jáwọ́ nínú sísọ òkúta lu ewúrẹ́ àwọn ará Ìjẹ̀dẹ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Azeemah ìyàwó mi ní kí n kí ọ, ó ní òun ṣì ń retí ẹja tí o ṣèlérí.

Láti ọjọ́ tí o ti kó kúrò l'Ékòó ni mo ti ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń pè ọ́ ní ará oko. Jọ̀wọ́, má rántí rẹ̀ bí o bá ka lẹ́tà yìí tán.

O mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró ní Marina. Àwa la kọ́kọ́ sáré lọ wò ó, a ò mọ̀ pé òun náà ń wò wá. Lóṣù tó kọjá, àwọn kan tó ń ṣètò ìlú pè wá sípàdé, wọ́n na máàpù sára ògiri. Ọmọbìnrin kan láàárín wọn, Olúwadámilọ́lá, tó mọ̀wé tó sì lẹ́kọ̀ọ́ ilé, fi bírò pupa fa ìlà róbótó yí ibùdókọ̀ náà ká. Ó ní gbogbo ilé tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé ọkọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn yóò wó o, wọn yóò kọ́ alájà mẹ́jọ síbẹ̀, kí àwọn tó ń wọ ọkọ̀ lè máa gbé nítòsí rẹ̀. Etí ìlà náà gan-an ni ilé wa bọ́ sí. Mo béèrè pé àwa tí a ti ń gbé nítòsí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́. Ó ní onílé á gba fúláàtì. Mo ní ayálégbé ńkọ́? Ó ní wọ́n rò tiwa mọ́ ọn, pé a wà nínú ìwé ètò náà lábẹ́ "àwọn mìíràn". Èmi tí mo ti ń rán fìlà níwájú ilé yìí fún ọdún mọ́kànlélógún, mo di àwọn mìíràn.

Àlháájà Àdìjátù, ìyá onílé wa, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kò fẹ́ fúláàtì. Ó ní òun ò lè gòkè lọ máa bá ẹyẹ gbé. Ó wá bi ọmọ náà pé, "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tẹ́ ẹ wí yìí, ẹsẹ̀ ta lẹ fi rìn ín?"

"Mà, kọ̀ńpútà ló bá wa ṣírò ẹ̀."

"Kọ̀ńpútà ò ní ará àdúgbò. Wá, ká jọ rìn ín."

Wọ́n fi í sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èmi náà bá gbọ́n ọgbọ́n kan. Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo ní kí ẹnikẹ́ni má kí Àlháájà ní ìkíni ẹlẹ́ẹ̀kan. Èmi fúnra mi gbé àga onítìmùtìmù tí àwọn oníbàárà mi máa ń jókòó lé síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo fi ẹlẹ́rìndòdò tútù tì í. Bí Àlháájà ṣe yọjú lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ó jókòó. Nígbà tó fi máa dìde, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pé, a ò sì tíì kúrò lójúlé.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, wọ́n gbé ọmọ tuntun fún un, ó ṣàdúrà sí i lórí. Ó yà kí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Wọ́n bi Olúwadámilọ́lá pé ọmọ ibo ni, ó ní Èkìtì, ni wọ́n bá fà á lọ sọ́dọ̀ ìyá Èkìtì kan tó ń ta aṣọ, ìyẹn sì mọ bàbá rẹ̀ àgbà. Ọmọ kúnlẹ̀, ó jẹun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méjìlélógún ni wọ́n fi dé Marina. A yọ̀ lọ́jọ́ náà, Kọ́lá! Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi kọ́rùn.

Ìwé wọn dé ní Jímọ̀ tó kọjá. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọmọ náà kọ, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní ọ̀nà ò jìn rárá, ìdíwọ́ ló pọ̀ lójú ọ̀nà. Nítorí náà, wọn ò ní wó ilé kankan báyìí. Ojú ọ̀nà ni wọn yóò kọ́kọ́ gbá mọ́, kí wọ́n tó tún ìrìn náà rìn. Wọ́n to àwọn ìdíwọ́ náà ní ẹsẹẹsẹ. Àkọ́kọ́ ni: àga kan àti ṣọ́ọ̀bù aránfìlà, ojúlé kẹtàdínlógún. Wọ́n fún mi di ìparí oṣù tó ń bọ̀.

Àfọwọ́fà ni, mo mọ̀. Gbogbo àdúgbò ti ń pè mí ní Alága. Mò ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Ibi tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń mú abẹ́rẹ́ nìyí.

Bá mi kí Kẹ́mi, kí o sì bá mi kí àwọn ewúrẹ́ Ayọ̀mídé. Lẹ́yìn náà, bá mi wá ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lágbègbè yín. Kọ́kọ́ wádìí bóyá ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀ níbẹ̀. Bó bá ń bọ̀, wá a síwájú díẹ̀. Bí òrùlé rẹ̀ bá tiẹ̀ ń jò, n ó fara dà á. Kí iwájú rẹ̀ ṣáà ti gba àga kan.

Èmi ni, ará oko ẹlẹgbẹ́ rẹ,
Ṣàkírù Alága.